Ohun tí Emmett Sọ Nípa Lẹ́tà Josiah

"Wọ́n ní ó sọ pé tí wọn ò bá…"

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ọmọ Vossler yẹn náà ni. Èyí tó ń pín lẹ́tà. Ó ní tí wọn ò bá fún òun ní ọmọ náà, òun á…"

"Òun á ṣe kí ni? Sọ ọ́ jáde, jàre!"

"Ọ̀rọ̀ lẹ́tà Lemuel ni. O mọ̀ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló ń gbé e lọ sí Columbus. Ṣé o rí Keziah bó ṣe jáde láti yàrá kékeré yẹn lánàá? Ojú ẹ̀ ti wú, imú ẹ̀… Dúró ná. Ẹnìkan ti gbé fóònù."

Mo rọra dá a padà sórí ìkọ́ rẹ̀. Ilé márùn-ún ló ń lo wáyà tẹlifóònù kan ṣoṣo ní ojú ọ̀nà wa, kò sì sí ẹni tí kì í gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ wa ni mo fẹ́ pè. Ohùn Ìyáàfin Brandt ni mo bá pàdé.

Ọmọ Vossler tí wọ́n ń wí, Emmett ni. Ọmọ tí wọ́n ní ó fẹ́ gbà, èmi Thirza ni. Lemuel Hallock tó ni lẹ́tà, òun ni bàbá mi. Keziah sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí màmá mi kú. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń hun wà lórí itan mi, n kò sì rántí ibi tí mo bá a dé mọ́.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, ibà kan ṣe mí tó fi àyà mi sílẹ̀ láìlera, dókítà sì ní kí n má lọ sí ilé-ìwé. Nídìí tábìlì ilé ìdáná ni Ànńtí Keziah ti kọ́ mi ní ìwé kíkà àti ìṣirò. Gbogbo orúkọ ìlú tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ara òǹtẹ̀ tí pósófíìsì ń tẹ̀ sórí lẹ́tà àtijọ́ ni mo ti kọ́ wọn, nítorí ìdílé tó ń kó sítáǹpù jọ ni ìdílé wa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà láàárín àwọn àgbàlagbà. Mo mọ ọ̀rọ̀ gbọ́, n kò mọ̀ ọ́n sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni ẹgbẹ́ àwọn akósítáǹpù-jọ ń pàdé ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ìjọ wa. Àwa obìnrin á gbé kọfí kalẹ̀, àwọn ọkùnrin á tẹ́ lẹ́tà àti sítáǹpù wọn sórí tábìlì gígùn. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. O lè gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi sí ìwé ẹlòmíràn, o lè wò ó títí ojú rẹ yóò fi máa ṣomi, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ sọ àbùkù tó wà lára rẹ̀ àyàfi bí ẹni tó ni ín bá bi ọ́ pé, "Kí lo rí?" Bó bá sì ti bi ọ́, o kò gbọdọ̀ purọ́ fún un.

Ọdún 1952 ni Emmett kọ́kọ́ wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ọ̀nà wa láti máa pín lẹ́tà. Ó ga, etí rẹ̀ fẹ̀, ó sì dà bíi pé kò mọ ibi tó yẹ kó gbé apá rẹ̀ sí. Dípò kó lọ bá àwọn ọkùnrin, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níbi tí mo ti ń to ife, ó fi lẹ́tà àtijọ́ kan síwájú mi.

"Kí lẹ rí?"

Mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi.

"Èmi?"

"Àfi bó bá jẹ́ ife yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Kò sí ẹni tó tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn rí ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé kọfí fún wọn. Mo wo ìwé náà. Sítáǹpù sẹ́ńtì mẹ́ta, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, ti ọdún 1851. Gbogbo ènìyàn ló ní in. Ṣùgbọ́n ní igun, òǹtẹ̀ kékeré kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

"Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e," ni mo wí jẹ́jẹ́. "Kò gba orí ilẹ̀. Odò Ohio ló bá wá."

Ó fẹjú mọ́ mi. "Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi wò ó kí n tó rí ìyẹn! Ẹ̀gbọ́n mi kan sì wà tó ní irọ́ ni mò ń pa."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Àsíá pupa kékeré kan máa ń wà lára àpótí lẹ́tà tó wà lẹ́bàá títì. Bí o bá ní lẹ́tà tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, wàá gbé àsíá náà sókè kí ẹni tó ń pín lẹ́tà lè dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè láìní lẹ́tà kankan nínú àpótí. Emmett á dúró, á ṣí i, á bá a lófìfo, á sì wo ojú fèrèsé wa.

"Lẹ́tà yín wúwo lónìí o," ni yóò kígbe.

Ànńtí Keziah á ní, "Ọmọ yìí, ẹ̀yin méjèèjì á ba ọkọ̀ ìjọba jẹ́," á sì máa fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu rín ẹ̀rín. Nígbà náà, ó fẹ́ràn rẹ̀. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí ohun tó wá ṣẹlẹ̀ yé mi.

Pápà ni kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá Emmett ń ta sítáǹpù ní Cincinnati, Pápà kò sì fi ojú rere wo ẹni tó ń tà wọ́n. Òun a máa tún aago ṣe, ó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń to irin aago. "Àwọn yẹn, iye ni wọ́n máa ń rí lára ìwé. Ṣé ilé tí wọ́n á ti máa díye lé gbogbo nǹkan ni mo fẹ́ rán ọmọ mi lọ?"

Ọ̀gbẹ́ni Abner Lutz, alága ẹgbẹ́ wa, ló bá wa gbé ọ̀rọ̀ náà. Òun náà ti pín lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìntì.

"Lemuel, ọmọ yẹn kì í ta nǹkan kan. Lẹ́tà ló ń pín, bíi tèmi. Àbí èmi náà ò dáa?"

"Ẹ̀yin? Ẹ gbé káàdì Kérésì mi lọ fún Brandt lọ́dún 1938."

"O ò sì tíì dárí jì mí! Jẹ́ kó wá jẹun. Kó kàn wá jẹun lásán ni."

Pápà gbà fún ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1954. Ànńtí Keziah sun ẹran màlúù pẹ̀lú káróòtì àti ànàmọ́, ó yan páì ápù. Emmett jẹun, ó dá Pápà lóhùn dáadáa, kò sọ̀rọ̀ jù. Pápà yọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn páì, ó dìde, ó lọ mú lẹ́tà Josiah wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé wa mọ lẹ́tà náà. Ọdún 1849 ni Josiah, bàbá bàbá Pápà, kọ ọ́ láti Boston sí Mercy, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ní Ohio níbí. Ó bẹ̀ ẹ́ kó dúró de òun. Sítáǹpù dúdú sẹ́ńtì mẹ́wàá tó ní orí Washington ló wà lójú rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa onílà sì wà lórí sítáǹpù náà. Pápà ti ń múra láti gbé e lọ síbi àfihàn sítáǹpù ńlá ní Columbus, níwájú àwọn adájọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Emmett gbé awò sí i. Ó pẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Kí lo rí?" ni Pápà bi í, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Emmett ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Lẹ́tà ìfẹ́ tó dára jù tí mo tíì kà ni, sà."

Pápà rẹ́rìn-ín. Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Ànńtí Keziah. Èmi sì ń ronú: wọ́n bi í ní ohun tó rí, ohun tó kà ló fi dáhùn.

Oṣù karùn-ún, ìpàdé ẹgbẹ́ bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú àfihàn Columbus. Ìyẹn ni ọjọ́ tí Ìyáàfin Brandt rí Ànńtí Keziah àti Emmett tí wọ́n wọ yàrá tí a ń kó àga sí, tó fetí kó ààbọ̀ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí Ànńtí sì jáde tòun ti omijé. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ti orí tẹlifóònù. Kí ànàmọ́ ọ̀sán tó jinná, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù Pápà. Pápà wá sílé lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe.

"Sístà, ṣé òótọ́ ni?"

Ànńtí Keziah ń bó ànàmọ́ lọ, kò gbójú sókè.

"Ẹ dá mi lóhùn. Wọ́n ní ọmọ yẹn sọ fún yín pé bí a kò bá fún òun ní Thirza, òun á sọ̀rọ̀ burúkú nípa lẹ́tà wa fún àwọn adájọ́. Ṣé ó halẹ̀ mọ́ yín?"

Ọ̀bẹ náà dúró. Ànńtí Keziah mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Pápà fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Mo sọ ọ́! Abner Lutz ní kó kàn wá jẹun lásán! Thirza, bí mo bá tún rí àsíá yẹn lókè, màá wú àpótí yẹn tòun ti òpó rẹ̀."

"Pápà…" Ọ̀rọ̀ kò jáde. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn pẹ̀lú mi.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé àsíá náà sókè. Mo dúró ti àpótí kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ.

"O ò yẹ kó o wà níbí," ni Emmett wí. Kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé o halẹ̀ mọ́ Ànńtí Keziah?"

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

"Mi ò mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Sọ ohun tó o sọ fún mi."

"Mi ò halẹ̀ mọ́ wọn, Thirza."

"Kí lo wá sọ?"

"Àwọn ló lè sọ ọ́. Kì í ṣe tèmi."

"Wọ́n ti mi orí, Emmett! Pápà bi wọ́n, wọ́n sì mi orí. Ojú mi báyìí ni."

Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Wọ́n mi orí?" Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ẹ̀rín nínú. "Ó dáa. Wọ́n ń wá ẹni tó máa pín lẹ́tà lápá Toledo. Ọ̀gá mi fún mi dọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta láti dáhùn. Mo ti fẹ́ sọ pé rárá."

"O fẹ́ sá."

"Ta ni mo fẹ́ dúró dè? Ìwọ? Ìwọ náà ló ń bi mí báyìí."

Ó lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi rẹ àsíá náà sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́ fún mi. Ọ̀kan ni ẹni tó kọ́ mi ní A, B, D. Èkejì ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ohun tí mo rí. Mo wọ yàrá Pápà, mo mú lẹ́tà Josiah jáde, mo sì gbé awò sí i. N kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Àwòrán bàbá ẹni tó wà lára ògiri, ta ló máa ń gbé awò sí i?

Nígbà tí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ sórí sítáǹpù, ìlà rẹ̀ máa ń kọjá sórí ìwé. Ìlà yẹn ló ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ìlà pupa wà lórí sítáǹpù. Ìlà pupa wà lórí ìwé. Àwọn méjèèjì kò pàdé. Ti ìwé ń lọ sókè, ti sítáǹpù ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnìkan ti yọ sítáǹpù tí Josiah lẹ̀, ó sì fi òmíràn sí ipò rẹ̀.

Àṣé Emmett mọ nǹkan kan. Ṣé mo wá lè sọ pé kò halẹ̀, nígbà tó ní ohun tó lè fi halẹ̀ lọ́wọ́? Ohun tí mo wá láti fi gbà á là, òun gan-an ló tún dá a lẹ́bi lójú mi. N kò jẹun alẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gbẹ́ni Lutz wá. Ó ti lọ bá Emmett nílé.

"Kí ló sọ?" ni Pápà bi í.

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ní òun kò ní ohun tí òun lè sọ."

"Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ á sọ̀rọ̀."

"Lemuel, mo mọ ọmọ yẹn…"

"Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́."

Ànńtí Keziah wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di agbọ̀n ẹyin mú. Ó kọjá sí ẹ̀yìn ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Pápà wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù. Ó ti fi lẹ́tà náà sáàárín páálí méjì. Ọ̀gbẹ́ni Lutz tó fẹ́ fi ọkọ̀ gbé e lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Ànńtí Keziah ń di búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yẹn bá jáde, níwájú ọgọ́rùn-ún àjèjì ni wọn yóò ti sọ fún Pápà ohun tí mo rí. Mo sì mọ̀ pé lọ́sàn-án, Emmett yóò gba Toledo.

"Pápà," ni mo wí, "ẹ bi mí ohun tí mo rí."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. N kò rò pé mo ti sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn.

"Ohun tó o rí níbo?"

"Lára lẹ́tà Josiah. Mi ò lè sọ ọ́ bí ẹ ò bá bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí."

Àwọ̀ ojú Pápà yí padà. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí lẹ́nu akósítáǹpù-jọ. Ó wo páálí náà, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó jáde. "Kí lo rí?"

"Má dá a lóhùn, Thirza," ni Ànńtí Keziah wí. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo yọ sítáǹpù lẹ́tà náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra álíbọ́ọ̀mù fún mi. Ìwọ, ọmọ ọwọ́ ni ẹ́. O ti gbọ́ bó ṣe rí nígbà yẹn, Lemuel. Sítáǹpù ni gbogbo ayé ń wá, wọ́n á ju ìwé nù. Mo rẹ gbogbo lẹ́tà inú àpótí Bàbá sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Sítáǹpù ti Josiah ya mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ju ú sínú iná kí wọ́n má baà rí i."

"Ṣùgbọ́n sítáǹpù náà wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá kú. Ẹ̀yin lẹ fún mi."

"O ń bèèrè! Lójoojúmọ́ lo ń bèèrè lẹ́tà tó ní orí Washington dúdú, tí Bàbá máa ń sọ ìtàn rẹ̀. Mo wọ rélùwéè lọ sí Cincinnati, mo ra òmíràn, mo sì fi ìyẹ̀fun lẹ̀ ẹ́. Mo rò pé wàá kàn fi sínú àpótí. Mi ò mọ̀ pé wàá sọ ọ́ di odidi ayé rẹ."

Pápà jókòó tòun ti fìlà lórí. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti wà lọ́wọ́ mi," ló wí. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Ọmọ yẹn sì mọ̀."

"Lọ́jọ́ tó wá jẹun ló ti rí i. Èmi ni mo fà á wọ yàrá àga yẹn, èmi ni mo bi í ní ohun tó rí. Nígbà tó sọ fún mi, mo sunkún, mo sì jẹ́wọ́ fún un."

"Ó wá fi halẹ̀ mọ́ yín."

"Rárá."

"Ẹ mi orí, Sístà!"

"Mo fi orí purọ́ nítorí mi ò lè fi ẹnu pa á. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí o bá lé e lọ, ọ̀rọ̀ náà á bá a lọ." Ó yíjú sí mi. "Mo fẹ́ fi ayé rẹ bo àṣírí mi, Thirza. Èmi tí mo tọ́ ọ."

Ọ̀gbẹ́ni Lutz wo aago ara ògiri. Ó ti kọjá aago mẹ́wàá.

Pápà gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ tì í kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Kí ló sọ fún yín? Mi ò fẹ́ ti Ottilie Brandt. Mi ò fẹ́ èyí tẹ́ ẹ rò pé ó ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni mo fẹ́, bó ṣe sọ ọ́. Bí mi ò bá rí ìhalẹ̀ nínú ẹ̀, Abner, ọkọ̀ yín ò lọ Columbus mọ́. Ilé ọmọ yẹn lẹ máa gbé mi lọ, kó tó dá ọ̀gá ẹ̀ lóhùn, màá sì fi ẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́ kó wá fẹ́ ọmọ mi."

Ànńtí Keziah nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épírọ́ọ̀nù. Ó dúró gbọnrangandan bí ọmọ tí olùkọ́ pè jáde, ó sì wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Ó ní: 'Mo ti rí i, mà, mi ò sì ní sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá fún mi ní Thirza, mi ò ní sọ ọ́. Bẹ́ ẹ ò bá fún mi, mi ò ní sọ ọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí: ẹ fúnra yín sọ fún bàbá Thirza kí wọ́n tó dé Columbus, kó má baà jẹ́ àjèjì ló máa sọ ọ́ fún wọn lójú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nílé, lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn wọn.'"